Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ta ilé lọ bá obìnrin tí wọn kò rí rí. Ìtàn Belle Gunness kò jẹ́ kí n sùn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́.

Chicago ni mo ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Houston, ọdún 63 ni wọ́n. Ìyàwó wọn kú ní ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn ọmọ sì ti lọ sílé tiwọn. Láti bí oṣù mẹ́rin ni wọ́n ti ń bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Obìnrin náà ní opó ni òun, òun ní oko ńlá, ọkùnrin tó máa bá òun mójú tó o ni òun ń wá. Ìyẹn ò burú. Àmọ́ nígbà tí mo lọ kí wọn ní ọdún Àjíǹde, fóònù wọn wà lórí tábìlì, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé, ojú mi bọ́ lé e. Ó ní kí wọ́n ta ilé, kí wọ́n gba owó náà ní káàṣì, kí wọ́n má sì sọ fún ọmọ kankan títí wọn ó fi dé ọ̀dọ̀ òun.

Jìnnìjìnnì bò mí, torí ọ̀rọ̀ Belle Gunness, obìnrin tó ń fi ìgbéyàwó tan àwọn ọkùnrin pa nítorí owó, gan-an nìyẹn. Norway ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1859, ó dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1881. Nígbà tí ó di opó, ó ń ṣe ìpolówó nínú ìwé ìròyìn àwọn ará ìlú rẹ̀ pé òun ń wá ọkọ tó lówó lọ́wọ́, kí wọ́n wá bá òun ní oko òun ní La Porte, Indiana. Àgbẹ̀ kan ní South Dakota, Andrew Helgelien, gba lẹ́tà ìfẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ohun tó lé lọ́dún kan. Ó ní kó kó gbogbo owó rẹ̀ wá, kó rán an mọ́ inú àwọ̀tẹ́lẹ̀, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Oṣù Kìíní ọdún 1908 ni Andrew dé. Wọ́n jọ lọ sí báǹkì fún owó rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Mo sọ ìtàn yìí fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n fara ya. "Ṣé kí n dá nìkan kú sínú ilé yìí ni?" Wọn ò gbé ìpè mi mọ́ láti ọjọ́ náà. Ṣé kí n pe àwọn ọmọ wọn ni, àbí ọlọ́pàá? Mi ò fẹ́ dójú tì wọ́n. Àwọn ló rán mi níléèwé.

Ìyá Ìbejì
Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Orí ẹ̀gbọ́n yín pé, àdáwà ló ń bá wọn jà. Èmi náà ṣe opó. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo máa ń bu oúnjẹ sínú àwo méjì kí n tó rántí pé ẹnì kan ti lọ. Ẹ pe ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lóru ní apànìyàn, ṣé wọ́n máa fetí sí yín? Ẹ lọ jókòó tì wọ́n ná.

Káyọ̀dé O.
Ẹ má bínú o, ṣé kò ti pọ̀ jù? Ẹni tí a ò mọ̀ rí, a ti fi í wé apànìyàn. Mo sì rò pé iná jó Belle yẹn pa.

Nọ́ọ̀sì Títí
Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìyẹn. Indiana níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ti lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé La Porte níbi tí wọ́n ti pàtẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Iná jó ilé náà ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 1908. Wọ́n bá òkú àwọn ọmọ Belle mẹ́ta nínú eérú, Myrtle, Lucy àti Philip, pẹ̀lú òkú obìnrin kan tí kò ní orí. Àwọn aládùúgbò ní Belle sanra ju ẹni yẹn lọ fíìfíì. Nígbà tó yá, wọ́n rí eyín tí wọ́n ní ti Belle ni nínú eérú, ìjọba sì ní òun náà ló kú. Wọ́n hú òkú náà ní 2007 láti yẹ̀ ẹ́ wò, àyẹ̀wò ò lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ó sá lọ lóòótọ́, àwọn ọmọ yẹn ló fi bojú. Mo dúró níwájú àwòrán wọn, mi ò lè kúrò. Adájọ́ kankan ò bi obìnrin yẹn léèrè rí. Ray Lamphere tó ti bá a ṣiṣẹ́ oko ni wọ́n rí mú. Kóòtù dá a lẹ́bi pé ó sun ilé, wọn ò dá a lẹ́bi ìpànìyàn, ó sì kú sí ẹ̀wọ̀n ní ìparí 1909. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn èèyàn fi ń sọ pé àwọn rí Belle níbí, àwọn rí i lọ́hùn-ún.

Àbúrò, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ rèé. Asle, arákùnrin Andrew, ló tú àṣírí Belle. Ó rí lẹ́tà nínú ilé Andrew, ó kọ̀wé sí Belle. Belle ní ọkùnrin náà ti lọ. Asle ò gbà. Lẹ́yìn iná yẹn ó wọ ọkọ̀ wá sí La Porte, òun àtàwọn tó ń kó àwókù ilé jọ ń wá káàkiri. Ó ti fẹ́ máa lọ, ọkàn rẹ̀ ò gbà, ó padà wá bi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bóyá wọ́n ti gbẹ́ kòtò kankan nítòsí. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ inú ọgbà ẹlẹ́dẹ̀. Inú àpò ni wọ́n ti bá Andrew, ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ lọ, òkú ju mẹ́wàá lọ.

Káyọ̀dé O.
Ẹ ṣeun, mi ò mọ èyí. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà.

Lọ́yà Dàpọ̀
Ọkọ méjì ti kú mọ́ Belle lọ́wọ́ kó tó kan Andrew, ìyẹn làwọn èèyàn kì í rántí. Ọkọ àkọ́kọ́ kú ní ọjọ́ 30 oṣù Keje 1900, ọjọ́ kan ṣoṣo tí inṣọ́ránsì méjì jọ wà lórí ẹ̀mí rẹ̀. Ìkejì kú ní oṣù Kejìlá 1902, Belle ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹran ló já lù ú lórí. Wọ́n gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yín wàyí. Ọlọ́pàá ò lè ní kí wọ́n má ta ilé, àgbàlagbà ló fẹ́ ta ilé ara rẹ̀. Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n yín béèrè nǹkan méjì péré: kí obìnrin náà bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fídíò, kí ó sì wá sí Houston fúnra rẹ̀. Tó bá ní oko lóòótọ́, ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ilẹ̀ ní káńtì ibẹ̀, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ẹnikẹ́ni ló lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ pe àkọ́bí wọn nìkan, ẹ má pe gbogbo wọn. Owó ilé kò gbọdọ̀ di káàṣì.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pe àkọ́bí. Bàbá ò tíì sọ ohunkóhun fún un, ó ń sunkún lórí fóònù. Ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ òfuurufú mi. Mi ò ní mẹ́nu kan Belle.

Ìyá Ìbejì
Kí ni wọ́n fẹ́ràn láti jẹ?

Ẹni tó béèrè
Ọ̀jọ̀jọ̀. Ìyàwó wọn ló máa ń dín in fún wọn. Mo ti ra iṣu ewùrà.