Yìnyín orí òkè Berthoud Pass: ṣé ká padà, àbí ká tẹ̀ síwájú?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Denver ni mò ń gbé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gun Berthoud Pass, ọ̀nà kan tó gba orí òkè ní Colorado, ní ìparí oṣù Kẹrin, ẹ̀rù yìnyín tó máa ń ya lulẹ̀ sì ń bà mí gan-an.

Mo mọ̀ pé ibi tó dà gẹ̀rẹ́ ní ìwọ̀n digírì 30 sí 45 ló máa ń ya jù, àti pé tí òru bá tutù, yìnyín á dì gbagidi títí oòrùn á fi rọ̀ ọ́. Ohun tó rú mi lójú rèé: bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run mọ́jú, tí kò jẹ́ kí yìnyín dì dáadáa, tí ojú yìnyín kàn le fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ẹsẹ̀ sì ń rì dé ojúgun, ṣé ká padà lójú ẹsẹ̀ ni? Ẹ̀gbọ́n mi ní ká kàn bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí àríwá. Ọkàn mi ò gba ohun tí wọ́n sọ yìí, torí yìnyín tí kò lágbára láti ìgbà òtútù ṣì lè wà nísàlẹ̀ níbẹ̀.

A ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ẹni tí yìnyín bò, ọ̀pá tí wọ́n fi ń tọ inú yìnyín wò àti ṣọ́bìrì, a sì ń ka ìkìlọ̀ Colorado Avalanche Information Center, àjọ tó ń kéde ewu yìnyín tó ń ya, láràárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀ dáadáa, aago mélòó ló yẹ ká ti kúrò ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìlà-oòrùn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.