Táìlì àtijọ́ tó jọ pé ó ní asbestos: ṣé ká ṣí i ni àbí ká bò ó?

Olùtúnlé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Táìlì onírọ́bà, íǹṣì 9 sí 9, ló wà nílẹ̀ yàrá tí mo fẹ́ tún ṣe. Gọ́ọ̀mù dúdú bíi kóólítà ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Mẹ́rin ti ń ṣí lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ìyókù lẹ̀ pinpin. Ṣé kí n fi ẹ̀rọ fáílìn lọ̀ ọ́ kúrò ni?

Ọ̀gá Ilẹ̀:
Ẹ má gbé fáílìn débẹ̀ rárá! Íǹṣì 9 àti gọ́ọ̀mù dúdú ló ń múni fura jù, àmọ́ ojú lásán kò lè dá asbestos (fọ́nrán òkúta tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ béèyàn bá fà á símú) mọ̀. Ẹ fi omi ọlọ́ṣẹ rin ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn, ẹ gé bíńtín lára rẹ̀, ẹ mú díẹ̀ lára gọ́ọ̀mù náà sínú ọ̀rá ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ kó o lọ sí ilé àyẹ̀wò. Gọ́ọ̀mù lè ní in kí táìlì má ní in.

Bó bá ní in, ẹ lẹ èyí tó ṣí padà, kẹ́ ẹ tẹ́ ilẹ̀ tuntun lé gbogbo rẹ̀ lórí. Táìlì tí kò fọ́ kì í ṣàdédé tú fọ́nrán sáfẹ́fẹ́. Lílọ̀ àti híhá ní gbígbẹ ló ń tú u.

Amòye Ìdọ̀tí:
Òótọ́ ni ọ̀gá sọ. Àmọ́ tó bá di dandan kẹ́ ẹ ṣí i, ẹ kọ́kọ́ bi àjọ tó ń rí sí ìdọ̀tí ládùúgbò yín. Níbòmíràn, òfin ò gbà kí onílé fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kì í sì í ṣe gbogbo ààtàn ló ń gbà á.

Ẹ pa fáànù àti AC, ẹ fi ọ̀rá bo ojú ihò afẹ́fẹ́. Ìbòmú bébà kò tó: onírọ́bà tó ní fílítà P100 (èyí tó ń sẹ́ eruku tó kéré gan-an) ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì fá irùngbọ̀n, torí afẹ́fẹ́ á gba àárín irun wọlé. Ẹ kán ọṣẹ olómi sínú omi tẹ́ ẹ ń fọ́n. Omi lásán máa ń yí dànù lórí eruku ni. Ibi tó ti ṣí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti irin pẹlẹbẹ fífẹ̀ bọ abẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ rọra gbé e lódindi. Èyí tó bá ṣagídí, ẹ fi ẹ̀rọ atẹ́gùn gbígbóná rọ gọ́ọ̀mù rẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ rú èéfín.

Ẹ má fọ́ ọ kó lè wọ àpò. Ọ̀rá tó nípọn (6 mil) méjì, ọ̀kan nínú èkejì, ni kẹ́ ẹ kó o sí, kò sì gbọdọ̀ kún ju ìdajì lọ: etí táìlì ń lu ọ̀rá, ó sì wúwo. Ẹ lọ́ ọrùn rẹ̀, ẹ ká a, ẹ fi téèpù dì í, kẹ́ ẹ kọ "asbestos" sí i lára. Àkísà tẹ́ ẹ fi nu ilẹ̀ náà á bá a lọ. Ẹni tó bá fi ìgbálẹ̀ gbá a, ṣe ló ń fẹ́ ẹ káàkiri.

Olùtúnlé:
Ẹ ṣeun gan-an. Gọ́ọ̀mù tó bá kù nílẹ̀ ńkọ́?

Ọ̀gá Ilẹ̀:
Ẹ má há a. Ẹ fi kẹ́míkà ìbolẹ̀ dì í mọ́ ibẹ̀, ìyẹn tí gọ́ọ̀mù tuntun yín bá lè lẹ̀ mọ́ ọn. Oògùn tó ń yọ́ ọ wà, ṣùgbọ́n òmíràn ń gbaná, nítorí náà ẹ gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn gbígbóná yẹn kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí agolo oògùn náà.