Mo fẹ́ máa pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì fúnra mi: ibo ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti sábà máa ń kọsẹ̀?

Awakọ̀ Tuntun

Mo kí gbogbo ilé o. Mo ti pinnu pé èmi fúnra mi ni yóò máa pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ mi láti ìsinsìnyí lọ. Ọkọ̀ kékeré onípísítìnnì mẹ́rin ni, ìwé tó bá a wá sì sọ pé ọ́ìlì 5W-30 ni kí a máa lò. Mo mọ bí iṣẹ́ náà ṣe tẹ̀ léra: a ó gbé ọkọ̀ sókè, a ó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, a ó jẹ́ kí ọ́ìlì àtijọ́ ṣàn tán, a ó pààrọ̀ fílítà, a ó sì da tuntun sí i. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni àwọn nǹkan kéékèèké tí ẹnìkan kì í sọ. Ṣé kí ẹ́ńjìnnì gbóná ni, àbí kí ó tutù? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé nọ́ọ̀tì ti le tó? Ṣé dandan ni kí n pààrọ̀ fílítà nígbà gbogbo? Ọkọ̀ náà ti dàgbà díẹ̀; ṣé ó burú bí mo bá lo ọ́ìlì tó ki ju ti inú ìwé lọ?

Sípánà Mẹ́rìnlá

Ẹ kú ìpinnu. Kí á tó dé orí ọ́ìlì rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ jáàkì, nítorí pé òun ni àṣìṣe tó lè gba ẹ̀mí ènìyàn nínú iṣẹ́ yìí. Jáàkì tó bá ọkọ̀ wá wà fún pípààrọ̀ táyà nìkan. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ilẹ̀ tó le tó sì tẹ́jú ni kí ẹ lò, kí ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ fi nǹkan há táyà ẹ̀yìn, kí ẹ sì gbé ọkọ̀ lé orí sítáǹdì méjì, ìyẹn ẹsẹ̀ irin tó ń gbé ọkọ̀ dúró, ní ibi tí ìwé ọkọ̀ tọ́ka sí. Kí ẹ tó wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tì í dáadáa. Bí yóò bá yẹ̀, ó sàn kí ó yẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà lóde.

Ní ti gbígbóná, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, kí ẹ sì pa á. Ọ́ìlì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń ṣàn dáadáa, ó sì máa ń gbé ìdọ̀tí tó wà nínú rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò gígùn dé lè bó ènìyàn lọ́wọ́. Kí ẹ tó tú ohunkóhun nísàlẹ̀, ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ti ń da ọ́ìlì lókè, kí ẹ sì dán an wò bóyá fílítà àtijọ́ yóò gbà láti tú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ da ọ́ìlì nù, tó wá rí i pé fílítà kò gbọ́ràn, ti fi ọkọ̀ ara rẹ̀ há sórí sítáǹdì.

Nọ́ọ̀tì sọ́ọ̀ǹpù, ìyẹn àwo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ń gbé, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń bà á jẹ́. Irin ni nọ́ọ̀tì náà, ṣùgbọ́n alumíníọ́mù ni sọ́ọ̀ǹpù ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, nítorí náà bí a bá fi agbára dè é, eyín inú sọ́ọ̀ǹpù ni yóò já, kì í ṣe ti nọ́ọ̀tì. Ọwọ́ lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dè é. Bí ó bá ń le láti ìbẹ̀rẹ̀, kò wọ ojú ihò rẹ̀ tààrà nìyẹn, ẹ tú u padà kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lo sípánà tọ́ọ̀kì, èyí tó ń wọn agbára tí a fi ń de nọ́ọ̀tì. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, iye tó wà nínú ìwé máa ń wà láàárín 25 sí 40 Nm (Nm ni òṣùwọ̀n agbára náà), èyí tó kéré gan-an sí ohun tí ọwọ́ ẹni tó ń bẹ̀rù jíjò máa ń fẹ́ ṣe. Jíjò kì í sábà jẹ́ nítorí pé nọ́ọ̀tì kò le. Wáṣà àtijọ́ tí a tún lò ló máa ń fà á. Ẹ pààrọ̀ wáṣà náà nígbà gbogbo.

Ọ̀rẹ́ Ẹ́ńjìnnì

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n wí, pàápàá ti wáṣà. Ẹ jẹ́ kí n mú ti fílítà àti ti kíki ọ́ìlì.

Ẹ pààrọ̀ fílítà nígbà gbogbo àyàfi bí ìwé ọkọ̀ bá sọ ohun mìíràn. Ọ́ìlì dúdú máa ń ṣẹ́ kù sínú fílítà àtijọ́, bí ó bá sì ti dí, fáàfù kékeré kan tó wà níbẹ̀ yóò ṣí kí ọ́ìlì lè kọjá láìsí pé a sẹ́ ẹ. Bí ẹ bá tú ti àtijọ́ kúrò, ẹ yí i dojú kọ ara yín kí ẹ wò ó bóyá rọ́bà rẹ̀ bá a jáde. Rọ́bà yẹn a máa lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Bí a bá de fílítà tuntun lé e lórí, rọ́bà méjì ni yóò wà níbẹ̀, wọn kò sì ní mú ara wọn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbéra tí agbára ọ́ìlì sì dé ibẹ̀, yóò tú gbogbo ọ́ìlì sílẹ̀ láàárín ìgbà díẹ̀. Ẹ fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà náà, ẹ dè é títí yóò fi kan ara ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wá fi ọwọ́ yí i ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àyíká kan sí i, tàbí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára fílítà fúnra rẹ̀. Sípánà fílítà wà fún títú, kò wà fún dídè. Bí ti ọkọ̀ yín bá jẹ́ irú èyí tó ń wọ inú ìdérí oníke, rọ́bà tuntun inú páálí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ojú ihò tirẹ̀ gan-an.

Ní ti ọ́ìlì tó ki, èmi kò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣe nígbà òtútù, 30 sì ń sọ bí ó ṣe ki tó ní 100°C. Ihò tí ọ́ìlì ń gbà kọjá nínú ẹ́ńjìnnì òde òní kéré, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fi agbára ọ́ìlì yí àkókò tí fáàfù inú ẹ́ńjìnnì ń ṣí padà. Ọjọ́ orí ọkọ̀ nìkan kò tó ìdí láti kúrò lórí ohun tí ìwé sọ. Bí ìwé náà fúnra rẹ̀ bá to oríṣi mìíràn fún ojú ọjọ́ gbígbóná, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ wo ipele dídára rẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí wọ́n máa ń kọ sára kẹ́ẹ̀gì pẹ̀lú lẹ́tà API. API SP, tó jáde ní 2020, lè rọ́pò àwọn ipele tó ṣáájú rẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróòlù.

Awakọ̀ Tuntun

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti yọjú wo abẹ́ ọkọ̀, nọ́ọ̀tì méjì tó jọra ni mo rí. Èwo ni ti ẹ́ńjìnnì?

Bàbá Gíà

Ìbéèrè tó dára jù lọ níbí nìyí, ẹ má sì fọwọ́ kan ọ̀kankan títí ẹ óò fi dá a lójú. Nọ́ọ̀tì kejì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti gíàbọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ṣì í tú yóò fi gíàbọ́ọ̀sì sílẹ̀ láìní ọ́ìlì, yóò sì tún da ọ́ìlì tuntun lé èyí tó ṣì wà nínú ẹ́ńjìnnì. Kí ó tó rìn jìnnà, ó ti lè ba méjèèjì jẹ́.

Bí ẹ́ńjìnnì bá dùbúlẹ̀ ní ìbú, ọ̀kan nínú ìkangun rẹ̀ ni bẹ́líìtì wà, gíàbọ́ọ̀sì sì wà ní ìkangun kejì. Inú gíàbọ́ọ̀sì yẹn ni ọ̀pá méjì tó ń yí táyà iwájú ti ń jáde. Nọ́ọ̀tì tó wà lápá bẹ́líìtì, lábẹ́ ẹ́ńjìnnì gan-an, ni ẹ ń wá. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti ṣiṣẹ́ máa ń dúdú tàbí kí ó pọ́n bí kọfí, nígbà tí ọ́ìlì gíàbọ́ọ̀sì aládàáṣiṣẹ́ sábà máa ń pupa. Ẹ̀rí mìíràn tún wà tí n kò lè fi ṣeré: bí ọ́ìlì bá ti ṣàn tán, ẹ fa géèjì, ìyẹn ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, yọ. Bí ó bá ṣì ń fi hàn pé ẹ́ńjìnnì kún, ohun mìíràn ni ẹ tú. Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà rárá.

Nígbà tí ẹ bá ń da tuntun sí i, ẹ má ṣe fi kẹ́ẹ̀gì wọn ọ́n. Ẹ́ńjìnnì onípísítìnnì mẹ́rin sábà máa ń gba láàárín lítà 3.5 sí 5, ìwé ọkọ̀ yóò sì sọ iye tó péye pẹ̀lú fílítà. Ẹ lo àrọ, ẹ da á títí yóò fi ku nǹkan bí ìdajì lítà, kí ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì. Iná ọ́ìlì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá kú, ẹ pa á kíá. Bí ó bá kú, ẹ wo abẹ́ fún jíjò, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, kí ẹ tó fi géèjì wọn ọ́n, kí ẹ sì máa bu èyí tó kù sí i díẹ̀díẹ̀. Àpọ̀jù náà ń bàjẹ́: kíráǹkì, ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, yóò máa lu ọ́ìlì náà di fóòmù, fóòmù kò sì lè dáàbò bo irin.

Sípánà Mẹ́rìnlá

Bàbá ti sọ ibi tó le jù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, nítorí pé ọ́ìlì tó ti ṣiṣẹ́ kì í ṣe ohun tó yẹ kí ó máa kan ara léraléra. Inú kẹ́ẹ̀gì tó lè dé pinpin ni kí ẹ da á sí, kí ẹ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbà á fún àtúnlò. Ẹ má ṣe da omi rédíétọ̀ tàbí bẹntiróòlù pọ̀ mọ́ ọn, torí pé ibi tí wọ́n ti ń gbà á lè kọ̀ ọ́ nítorí ìyẹn. Kí ẹ tó palẹ̀ mọ́, ẹ kọ iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ náà, kí ẹ sì tún yọjú wo abẹ́ ọkọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.