Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí wáyà irin: ó ti yanjú

Ẹ kú àdúrótì gbogbo yín. Mo bi yín pé kí ló dé tí Young's modulus (nọ́ńbà tó ń sọ bí nǹkan ṣe ṣòro láti nà tó) wáyà irin wa fi ń jáde ní nǹkan bí 150 GPa (gigapascal, ẹyọ tá a fi ń wọ̀n ọ́n), nígbà tó yẹ kó sún mọ́ 200.

Òpó tá a so wáyà kọ́ ló ń tẹ̀. Wáyà tó gùn ní mítà 2, tó nípọn ní mìlímítà 0.5, ìdajì mìlímítà péré ni kílò 1 máa fà á. Kí òpó tẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́fà mìlímítà lórí kílò kọ̀ọ̀kan, èsì ti bàjẹ́ nìyẹn! Ẹni tó ní ká so wáyà kejì kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́ ṣeun gan-an ni. Bí òpó bá tẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ sọ̀ kalẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín wọn nìkan la wá ń fi vernier, irinṣẹ́ tó ń ka ìdá kékeré mìlímítà, kà.

A fi ìwọ̀n díẹ̀ na wáyà kó gún ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìnípọn rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má fojú kéré ẹ̀ o: òun la ń fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ (square) nínú ìṣirò, torí náà àṣìṣe ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀ á di 4 nínú èsì. Òkè, àárín, ìsàlẹ̀ la ti fi micrometer, irinṣẹ́ tá a fi ń wọn ohun tín-ín-rín, wọ̀n ọ́n.

196 GPa ló jáde báyìí, inú mi sì dùn gidigidi. Bá a ṣe ń yọ ìwọ̀n kúrò, nọ́ńbà ń padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, wáyà ò sì nà kọjá agbára rẹ̀. Mo ti pa ìbéèrè yìí dé.