Bọ́tìnì ń pe ọ̀gá, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ ò sọ nǹkan kan fún mi

Ìyá Àtẹ̀gùn:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Fóònù Yealink T46S ló wà lórí tábìlì mi, ọ́fíìsì lọ́yà kan n'Íbàdàn. Mo ti fi nọ́ńbà yàrá mẹ́fà sí àwọn bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí mo bá tẹ 203, ó ń dún lọ́dọ̀ ọ̀gá lókè. Àmọ́ n kì í mọ̀ bóyá wọ́n ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ṣe ni mo máa ń gun àtẹ̀gùn lọ yọjú, oníbàárà á sì máa dúró dè mí lórí fóònù. Lánàá, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo gùn ún, mo kà á. Orúnkún mi ò gbà á mọ́. Wọ́n ní iná bọ́tìnì yẹn lè sọ fún mi. Báwo la ṣe ń ṣe é?

Wáyà:
Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ó jọ pé Speed Dial lẹ yàn. Kò mọ̀ ju kó bá yín tẹ nọ́ńbà lọ. BLF (Busy Lamp Field, bọ́tìnì tí iná rẹ̀ ń fi ipò fóònù ẹlòmíì hàn) ni kẹ́ ẹ yàn. Ẹ tẹ OK lórí fóònù, ẹ ó rí IP rẹ̀, ìyẹn àdírẹ́sì rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì. Ẹ kọ ọ́ sí bùráúsà, ẹ wọ Dsskey, kẹ́ ẹ wá Line Key. Type: BLF, Value: 203, Line: Line 1, kẹ́ ẹ wá tẹ Confirm. Bí iná bá ní àwọ̀ ewé, ọwọ́ wọn dilẹ̀. Bó bá pọ́n, wọ́n wà lórí ìpè. Bó bá pọ́n tó sì ń ṣẹ́jú, fóònù wọn ló ń dún.

Ìyá Àtẹ̀gùn:
Mo ṣe é. Ó ń pè, ṣùgbọ́n iná ò tàn rárá, àwọ̀ ewé gan-an ò yọ. Ọmọ tó bá wa to fóònù ní Asterisk lòun lò, ètò orí sáfà tó ń so àwọn fóònù ọ́fíìsì pọ̀. Ó ti rìnrìn àjò.

Àgbà Sáfà:
Ẹjọ́ fóònù kọ́ nìyẹn, mà. Ó ń bi sáfà léèrè, sáfà ò rí nǹkan wí. FreePBX, ètò tó ń bá èèyàn ṣètò Asterisk, máa ń kọ hint (ìlà tó ń sọ fún sáfà fóònù tí yóò máa ṣọ́) fúnra rẹ̀. Asterisk lásán, àfi kẹ́ ẹ kọ ọ́. Kí ẹni tó lè wọ sáfà tẹ `core show hints`. Bí 203 ò bá sí níbẹ̀, kó fi èyí sí extensions.conf, nínú context (apá fáìlì náà) tí fóònù yín ń lò:

`exten => 203,hint,PJSIP/203`

Kó tẹ `dialplan reload`, kẹ́ ẹ wá pa fóònù yín, kẹ́ ẹ tún un tàn.

Ìyá Àtẹ̀gùn:
Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá mi wọ̀ ọ́. Kò sí hint kan ṣoṣo níbẹ̀! Ó kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, iná sì tàn. Láti aago mẹ́wàá ni ti ọ̀gá ti pọ́n, aago méjìlá ti kọjá báyìí. Wọ́n ti bi mí pé ṣé mò ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ni. Mo ní rárá sà, iná lásán ni mò ń wò. Wọn ò tíì gbà.