Ẹ gbà mí o: head tracker wo ni mo lè rí ní Ifẹ̀ kó tó di Sátidé?

Àwòdì_Lágéré
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ dákun, mo nílò head tracker (ohun tó ń mọ bí orí èèyàn ṣe ń yí, kí ohun tó ń rí nínú géèmù lè yí bá a), kíákíá ni. Sátidé la máa fò nínú sim (géèmù ọkọ̀ òfurufú), mi ò sì fẹ́ kí ojú tún tì mí bíi tọjọ́sí. Owó ọwọ́ mi ò ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún lọ. Èwo ni kí n rà, níbo sì ni? Ẹ má dárúkọ Èkó fún mi o.

Ọmọ_Ọ̀bókun
Sim wo? Kọ̀ǹpútà wo? Ṣé kámẹ́rà wà lára ẹ̀? O kàn já wọlé bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀.

Ṣá lọ bá bọ̀dá ẹ̀yìn Mayfair yẹn, èyí tó ń ta àlòkù géèmù. Tó bá ní PS3 Eye (kámẹ́rà géèmù PlayStation 3) nílẹ̀, rà á. Àwòrán 60 ló ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tara laptop kì í sábà kọjá 30. Tú u, yọ gíláàsì tó ń dènà infrared (ìmọ́lẹ̀ tójú èèyàn ò rí) nínú ẹ̀, fi awọ inú floppy disk bo ojú ẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lásán má baà wọlé. Lẹ LED (iná tíntìntín) infrared mẹ́ta mọ́ headphone ẹ, kí kámẹ́rà máa wò wọ́n. Ó tán.

Pàrákìn_172
Kí ló dé tó o fẹ́ kó ọmọ ọlọ́mọ sí wàhálà LED? Fóònù tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti tó. Àbúrò, gba opentrack (áàpù tó ń sọ fún sim bí orí ẹ ṣe ń yí) sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Fi áàpù tó ń wo ojú èèyàn sórí fóònù (SmoothTrack ni tèmi, owó díẹ̀ ni wọ́n ń gbà), gbé fóònù kọ́ iwájú ẹ, tan hotspot, kí kọ̀ǹpútà so mọ́ ọn. Nínú opentrack, mú "UDP over network", pọ́ọ̀tù 4242. Kò ní jẹ dátà ẹ. Àárín fóònù àti kọ̀ǹpútà nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń lọ, kì í jáde sí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bó o bá yí orí tí nǹkan kan ò mì, firewall Windows (ẹ̀ṣọ́ tó ń dí ohun tó ń bọ̀ láti ìta) ló dì í mú.

Balẹ̀_Jẹ́jẹ́
Má dán LED wò o! Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Mo gbé headphone lọ bá atúnṣe kan, mi ò ní sọ àdúgbò. Mo ṣàlàyé tán, ó ní òun mọ̀ ọ́n, òun ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó so LED mẹ́ta náà, kálukú gba 5V tiẹ̀ tààrà láti USB, kò sí résísítọ̀ (ohun tó ń dín iná kù) kankan níbẹ̀. Infrared kì í hàn sójú, nítorí náà mi ò mọ̀ bóyá ó tàn tàbí kò tàn. Ó ní, "Alàgbà, ó ń ṣiṣẹ́." Mo délé, mo ki í bọ laptop àbúrò mi obìnrin. Kò pẹ́ tí òórùn jíjó fi gba yàrá. LED mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú, ojú USB méjì kú tẹ̀ lé e. Ọmọ yìí ń kọ project lọ́wọ́ o! Mo padà lọ bá ọkùnrin náà, ó ní kí n lọ gbé motherboard wá kí òun bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀bẹ ló fi yọ gíláàsì inú kámẹ́rà tèmi pẹ̀lú, ó ha ojú ẹ̀ yánnayànna.

Ẹrẹ̀jà_Tower
Háà! Ojú USB méjì?

Mọ̀dákẹ́kẹ́_Heavy
Èmi ò ṣe LED mọ́. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ.

Onírédíò
Balẹ̀_Jẹ́jẹ́, pẹ̀lẹ́ o. Ṣùgbọ́n LED kọ́ ló ṣe ọ́, ẹni tó so ó ni. Ẹ wò ó: 5V ni USB ń gbé wá. LED infrared kan ń gba bíi 1.4V. Ẹ má fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ tò wọ́n tẹ̀ léra, kí iná gba inú ọ̀kan kó tó dé èkejì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á gba 4.2V, 0.8V ló kù. Ká ní 40mA (0.04A) lẹ fẹ́ kó máa gba inú wọn, ẹ fi 0.04 pín 0.8, ó di 20 ohm. 22 ohm lẹ máa rí lọ́jà, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ tan kámẹ́rà iwájú fóònù kẹ́ ẹ fi wo LED náà. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ máa rí i tó ń tàn ní àwọ̀ àlùkò.

Kò sídìí láti ra LED pàápàá. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n tó ti bàjẹ́ kún ilé gbogbo wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló wà nínú wọn. Ẹ fi sandpaper ha orí ẹ̀ kó tẹ́, torí tara rìmóòtù ń yin ìmọ́lẹ̀ síwájú tóóró ni, bẹ́ ẹ bá yí orí díẹ̀, kámẹ́rà ò ní rí i mọ́.

Balẹ̀_Jẹ́jẹ́
Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ohm yẹn, ẹ ti ń pẹ́ jù. Àbúrò mi ò tíì dáhùn ìkíni mi.

Ilé_Orímọlùsì
Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kéèyàn ra ojúlówó. TrackIR 5. Orí lọ sókè, ó mọ̀. Orí tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mọ̀. Èèyàn nà síwájú wo àmì inú pánẹ́ẹ̀lì, ó mọ̀. Àwòrán 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí sódà, kò sí ọ̀bẹ.

Pàrákìn_172
Ó ní ẹgbẹ̀rún ogún, ìwọ ń pe ohun tó ju 100 dọ́là lọ. Ọmọ Òṣómàáló ló ń ní kéèyàn máa náwó báyìí? Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti bàjẹ́.

Ilé_Orímọlùsì
Ẹ fi Òṣómàáló sílẹ̀. Àwọn bàbá wa mọ ọjà tó dáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lóṣòó dè yín.

Ọ̀pá_Gate
Headset VR (èyí tí wọ́n ń dè mójú) ló máa ń wù mí jù. Bóo bá wọ̀ ọ́, inú ọkọ̀ gan-an lo wà.

Ọmọ_Ọ̀bókun
Nínú ooru yìí? Láìsí iná?

Road7_Aviator
Ẹ jọ̀ọ́, joystick mi máa ń fa ọkọ̀ sọ́tùn-ún fúnra ẹ̀. Ta ló lè bá mi tún un ṣe?

Ìyá_Bàálù
Ẹ̀yin ọmọ yìí, kò sẹ́ni tó bi í bóyá iná wà lágbègbè ẹ̀. Àbúrò, inverter ni kó o kọ́kọ́ rà. Head tracker ò ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn.

Onírédíò
Mà, infrared ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn dáadáa, ibẹ̀ ló tiẹ̀ ti dùn jù. Oòrùn ni ọ̀tá ẹ̀. Bí fèrèsé bá wà lẹ́yìn yín lọ́sàn-án, gbogbo ibẹ̀ á funfun lójú kámẹ́rà. Gílóòbù oníwáyà àtijọ́ náà ń da infrared síta, bẹ́ẹ̀ ni àbẹ́là. Iná lọ lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi gbé àbẹ́là sórí tábìlì ẹ̀yìn mi, opentrack kà á mọ́ LED, ọkọ̀ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo òrùlé lójú òfurufú.

Adákẹ́_Fò
Aruco wà nínú opentrack. Ìwé lásán ni. Tẹ àmì ẹ̀ jáde, lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìlà, kámẹ́rà laptop á máa wò ó.

Mọ̀dákẹ́kẹ́_Heavy
Ìwé kẹ̀? Ṣé iṣẹ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi la wá ṣe níbí?

Àwòdì_Lágéré
Ẹ má bínú, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ni. FSX (Microsoft Flight Simulator X) ni mò ń lò, ẹ má rẹ́rìn-ín. Laptop ni, kámẹ́rà wà lára ẹ̀. Ìbàdàn sí Àkúrẹ́ la fẹ́ fò, Cessna 172, gbogbo wa nínú multiplayer kan náà. Ọjọ́sí, mo wà lórí downwind (ibi téèyàn ti ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ runway kó tó yí wá balẹ̀), ó yẹ kí n wo ẹ̀yìn èjìká òsì kí n rí runway (ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń balẹ̀ sí) kí n tó yí. Mo ń fi máòsì wá a kiri. Ìgbà tí mo máa rí i, mo ti kọjá ibi tó yẹ kí n ti yí, mo sì gba iwájú ẹlòmíì tó ń balẹ̀ bọ̀. Ariwo tí wọ́n pa lé mi lórí!

Ọmọ_Ọ̀bókun
FSX tọdún 2006! Kò burú. Nínú opentrack, níbi Output, SimConnect ni kó o mú. Inú virtual cockpit (ibi ìjókòó awakọ̀ tó ṣe é wò yíká) sì ni kó o wà, pánẹ́ẹ̀lì 2D ò ní bá ọ yí. Ọ̀pá_Gate, FSX ò mọ VR fúnra ẹ̀, ẹ sinmi. Àwòdì, mo ti pe bọ̀dá Mayfair, PS3 Eye kan wà nílẹ̀, ó ní òun á bá ọ mú un dání.

Pàrákìn_172
Fóònù! Fóònù ni mo sọ! Tó o bá ń bẹ̀rù kó gbóná, yọ ike ẹ̀yìn ẹ̀.

Ìrìnàjò yẹn ò tó 80 NM (máìlì àwọn awakọ̀ òfurufú), kò ní gbà yín tó wákàtí kan. Apá òsì ni Ifẹ̀ máa wà, Iléṣà náà á tẹ̀ lé e lápá òsì níbẹ̀. Ẹni tí orí ẹ̀ bá ń yí nìkan ló máa rí wọn.

Road7_Aviator
Joystick mi ńkọ́?

Ẹrẹ̀jà_Tower
Fi null zone (àyè tí joystick bá mì tí ọkọ̀ ò ní dáhùn) kún un nínú FSX. Bó bá ṣì ń fa, ìdí ẹ̀ ló dọ̀tí.

Àwòdì_Lágéré
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti parí ẹ̀. Ìwé ni mo lò.

Ọ̀rọ̀ LED já mi láyà, fóònù mi ò sì pé wákàtí kan lórí bátìrì. Mo lọ tẹ àmì Aruco yẹn jáde ní Ashérífà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí kọnfúléèkì, mo wá fi pín-ìnnì so ó mọ́ iwájú fìlà abetí ajá mi. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fi ọ̀rá dídán bò ó kó lè pẹ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ń kọ mọ̀nà lára ẹ̀, kámẹ́rà ò dá a mọ̀. Mo bó ọ̀rá náà kúrò, ó gbà. Ojú ń gbọ̀n díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Mo fi kún smoothing (ohun tó ń dín ìgbọ̀n kù) inú Accela, apá kan nínú opentrack, ó rọlẹ̀. Mo yí curve pẹ̀lú: bí mo bá yí orí díẹ̀, awakọ̀ inú ẹ̀ á wo ẹ̀yìn pátápátá, ojú mi ò sì ní kúrò lára skríìnì. Lálẹ́, láńtà oníbátìrì ni mo gbé síwájú, torí ìwé ò ṣe é rí nínú òkùnkùn. Owó tó kù, epo jẹnẹrétọ̀ ni mo fi rà. Ẹ̀gbọ́n Ìyá_Bàálù, ẹ rí i pé mo gbọ́ díẹ̀.

Pàrákìn_172
Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ!

Mọ̀dákẹ́kẹ́_Heavy
Abetí ajá? Fọ́tò dà?

Ọmọ_Ọ̀bókun
Mo ti ní kí ọkùnrin yẹn mú kámẹ́rà dání o. Ta ni kó tà á fún báyìí?

Onírédíò
Kó bá mi tọ́jú ẹ̀. Rìmóòtù mẹ́ta wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi.

Balẹ̀_Jẹ́jẹ́
Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ ẹ bá so ó tán, ẹ jẹ́ kí n wá wò ó. Mi ò ní mú laptop kankan dání.