Mo pààrọ̀ wọ́tà-pọ́ǹpù, bọ́ọ̀sì mi wá ń gbóná

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àná ni mo pààrọ̀ wọ́tà-pọ́ǹpù bọ́ọ̀sì mi, èyí tó ń ti omi káàkiri ẹ́ńjìnnì. Látìgbà náà, ọwọ́ géèjì ooru á gòkè dé ibi pupa, á tún já wálẹ̀ lójijì. Hítà ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, omi sì ń dún gbòlògbòlò lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀, rédíétọ̀ kún dé ẹnu! Iṣẹ́ òòjọ́ mi ni bọ́ọ̀sì yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Èsì kìíní:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀. Rédíétọ̀ lè kún kí òkè ẹ́ńjìnnì ṣì ṣófo. Má wà á lọ síbì kankan. Jẹ́ kó tutù pátápátá kó o tó ṣí ìdérí, torí omi tó bá tú jáde níbẹ̀ lè bó ọ lójú. Gbé ọkọ̀ náà síbi tó dagun, kí imú rẹ̀ kọjú sókè, torí òkè ni afẹ́fẹ́ ń wá. Yí hítà sí gbígbóná jù lọ. Wá síkúrù kékeré tó wà nítòsí tẹ̀mósítáàtì (fáàbù tó ń ṣí fún omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná), tú u díẹ̀, kó o máa rọra da kúláǹtì (omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù) sí rédíétọ̀. Síkúrù yẹn á kọ́kọ́ máa hó bí ọṣẹ. Tó bá ti ń ṣàn geere, dì í.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé, sà. Mi ò rí síkúrù kankan lára tèmi.

Èsì kìíní:
Kò burú. Họ́ọ̀sì hítà tó ga jù ni kó o tú díẹ̀ títí omi fi yọ, kó o tún un dì. Wá sítáàtì ẹ́ńjìnnì láì fi ìdérí dé rédíétọ̀, máa fi ọwọ́ fún họ́ọ̀sì òkè rédíétọ̀ pọ̀. Tẹ̀mósítáàtì sábà máa ń ṣí ní nǹkan bí 82 sí 95°C. Tó bá ṣí, họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ á gbóná, omi á já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bu kún un kíá.

Èsì kejì:
Tí bọ́ọ̀sì yín bá ní hítà ẹ̀yìn, ẹ tan ìyẹn náà o! Páìpù rẹ̀ gùn gba abẹ́ ọkọ̀, afẹ́fẹ́ púpọ̀ ló ń sá pamọ́ síbẹ̀. Tó bá sì ń hó ṣáá láìdáwọ́ dúró, ẹ yẹ gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì (ohun tó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀) wò.

Olùbéèrè:
Hítà ẹ̀yìn ni mo gbàgbé! Bí mo ṣe tan án, omi já wálẹ̀, ó gba bíi lítà kan sí i. Atẹ́gùn gbígbóná ti ń jáde, géèjì sì dúró sáàárín. Ẹ ṣeun gan-an ni.

Èsì kìíní:
Yẹ omi rẹ̀ wò láàárọ̀ ọ̀la nígbà tó bá tutù, ó lè tún dín díẹ̀.